Àgádágodo Pupa

Ní Thunder Bay, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun,
ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ igi di bébà kì í sùn.
Lẹ́nu géètì, pátákó kan ń ka ọjọ́:
irínwó ọjọ́ ó lé méjìdínlógún láìsí ẹni tó farapa.
Bó bá pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, a óò gba jákẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ ọjọ́ kan tí pátákó yẹn ò mọ̀,
ọjọ́ tí Brodie fi àkísà wé ọwọ́ ọ̀tún,
tó ní àlùbọ́sà lòun ń gé nílé tí ọ̀bẹ fi yọ̀.
Àlùbọ́sà wo? Gíríìsì ṣì wà lẹ́nu egbò náà.
Gbogbo wa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún nípọn, òtútù ibí kì í ṣeré.

Àwa la máa ń tún ẹ̀rọ ṣe.
Bí ẹ̀rọ bá ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá;
bó bá dúró, gbogbo ayé ní í pe orúkọ wa.
Wọ́n fún mi ní àgádágodo pupa kan, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo,
wọ́n fín LADAPO sí i lára, láìfi àmì kankan sí i,
wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ ọn, ojú mi le koko bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Wọ́n ní, kóo tó kiwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ,
lọ pa iná rẹ̀, fi èyí tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ.
Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọ̀nà rẹ̀ ló jìn.

Láago mẹ́ta òru, igi há sábẹ́ bẹ́líìtì kẹfà.
Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì.
Láti ibẹ̀ dé ilé iná, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, àlọ nìkan,
gba ìta, gba inú yìnyín tó ń gé etí.
Sheldon, ọ̀gá òru, kò pàṣẹ. Ó kàn wo aago ọwọ́ rẹ̀.
Ó tún un wò.

Eino Lehtonen ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyí.
Ó ń gbọ́ bíárìn tó fẹ́ kú lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú,
bí ìyá ṣe ń gbọ́ ikọ́ ọmọ láti yàrá kejì.
Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ mí."
Ìka rẹ̀ tó kéré jù, ìlàjì ló kù;
kì í kà á mọ́ ewu, owó ilé-ìwé tóun san ló ń pè é.
Nílé wa wọ́n ní òmùwẹ̀ lomi ń gbé lọ,
ẹni tí ò mọ̀wẹ̀, etí odò ló ń dúró sí.
N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un.

Èmi náà ò mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá
mo kiwọ́ bọ ọ́, mo fà á yọ, nǹkan kan ò ṣe mí,
inú mi sì dùn bí olè tí ajá ò gbó.
Bẹ́ẹ̀ lewu ṣe ń kọ́ni: á jẹ́ kóo ṣe é lẹ́ẹ̀kan,
á jẹ́ kóo tún un ṣe,
títí ọwọ́ rẹ yóò fi gbàgbé pé ẹran ara lòun.

Mo mú àgádágodo. Mo rìn.
Imú mi dì. Mo bú Sheldon, mo bú ara mi,
mo bú ẹni tó kọ́ ilé iná síbi tó kọ́ ọ sí.
Mo fa irin wálẹ̀, mo tì í. Ó dún kọ́.
Nígbà tí mo padà, Eino ti jókòó lórí garawa,
kò wò mí. Ó ní, "Méjìlélógún." Ìṣẹ́jú ló ń kà.
A yọ igi náà. Kò ju apá ọmọdé lọ.
Mo tún rìn padà lọ ṣí i.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
N kì yóò purọ́ pé ẹnìkan tẹ bọ́tìnì lókè,
pé àgádágodo mi ló yọ wá. Bóyá a kì bá má farapa.
Bóyá. Pátákó géètì fi ọ̀kan kún un.

Lówùúrọ̀, nínú bọ́ọ̀sì, mo kiwọ́ bọ àpò.
Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ ka eyín rẹ̀: márùn-ún.
Lẹ́yìn náà mo ka ìka.