Àpò Ṣòkòtò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé ẹ̀kọ́ àwa obìnrin,
ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń wọlé ni bàbá ọlọ́dẹ,
etí tirẹ̀ sì ti di.
Ta ni yóò ṣe baálé nínú eré ìparí ọdún?
Wọ́n ní kí Oyèpéjú dìde. Ó ga. Ó tán.

Èmi ni mo kùn ún lójú.
Èédú ìdáná ni mo lọ̀ kúnná, mo fi òróró pò ó.
Mìsísì Látẹ̀jù ti fi àwòrán kan hàn wá,
èyí tó ya nínú ìwé ìròyìn àtijọ́:
obìnrin ilẹ̀ Jàpáànù kan nínú kóòtù ọkùnrin,
irun òkè ojú rẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá.
“Obìnrin ni gbogbo wọn níbẹ̀, àti ọkọ àtìyàwó.”
A rẹ́rìn-ín. Èmi wo àwòrán náà títí.
Kì í ṣe irùngbọ̀n ló sọ ọ́ di ọkùnrin.
Òjìji kékeré abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni,
àti ojú tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo da irun ewúrẹ́ tá a fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nù.

A fi ọ̀já dì í láyà,
a wọ ṣòkòtò bàbá mi fún un,
a ki bébà sí bàtà nímú.
Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò wà,
bí ọwọ́ tiwa náà ti máa ń ṣe.
Ó bá àpò pàdé.
Àpò! Ó jìn dé itan,
kọ́bọ̀ kan tí bàbá mi gbàgbé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Ọwọ́ méjèèjì wọlé, èjìká rọ̀,
bàtà ń wọ́ nílẹ̀ bíi tẹni tí kò jẹ gbèsè.
N ò kọ́ ọ. Mìsísì ò kọ́ ọ.
Aṣọ ló kọ́ ọ.

Lálẹ́ eré, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré,
gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
(Kò dá kọ́bọ̀ náà padà.)

Ọṣẹ dúdú la fi fọ èédú ojú rẹ̀. Kò tán.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́nu kànga,
ó ní, “Ẹ gbé omi wá.”
Àwọn kékeré sáré. Ọ̀kan kúnlẹ̀.
Oyèpéjú wo ọwọ́ ara rẹ̀,
ó fa ọmọ náà dìde,
ó sì bá a fa okùn kànga.
Bí ojú rẹ̀ ti rí nígbà náà, n ò lè sọ ọ́.

Mo ń ránṣọ ní Tákíé báyìí.
Bí oníbàárà bá mú aṣọ gáùn wá, mo máa ń bi í:
“Ṣé kí n fi àpò sí i?”
“Kí ni màá kó sínú rẹ̀?”
Mo ń fi í sí i náà ni.
N kì í gbowó rẹ̀.