Irun Apá Màmá Ṣárípá

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Àsítánà.
Odò ti dì gbagidi,
àwọn apẹja gbẹ́ ihò sára rẹ̀, wọ́n jókòó tì í.
Òtútù ń bu imú èèyàn jẹ.
Nínú yàrá kẹrin, ooru là ń wá.

Ogójì ọdún ni Màmá Ṣárípá fi yan búrẹ́dì
nínú ààrò alámọ̀,
tó ń na apá sínú rẹ̀ kó lè mọ̀ bó ti gbóná tó.
"Mi ò ní ẹ̀rọ," ó wí, "irun apá mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.
Tó bá ta mí, ó tó.
Tó bá jó mi, ó ti pọ̀ jù."
Ó na apá náà sí mi: ó ń dán, kò nírun kan.

Mo fi fọ́nrán hàn án, gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́.
"Irun apá tiwa nìyí, Màmá.
Ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróńro."

Ẹnu mi ló yọ ọ́ sọ. Ìgbà tí mo wo àwòrán,
ibi tí ẹ̀dọ̀ gbé fara ti òróńro gan-an
ni kókó burúkú náà ba sí.
Mílímítà mẹ́fà péré.

Dókítà Kúánìṣì ki abẹ́rẹ́ oníná bọ̀ ọ́,
fọ́nrán tẹ̀ lé e: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan létí,
ẹ̀kẹta níbi tí a ò fẹ́ kí iná dé.
Mo rán ìmọ́lẹ̀ wọlé.
Ó lọ, ó bọ̀,
ṣùgbọ́n bó ṣe lọ kọ́ ló ṣe bọ̀;
ooru ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà,
ìyípadà tí ojú ò tó, tí ẹ̀rọ ń kà bí ẹni ka owó.

Láàárín, ọgọ́ta. Kókó náà funfun bí ẹyin sísè.
A kì í ti iná bọ òrùlé ká lọ sùn,
n kò ṣẹ́jú.
Fọ́nrán kẹta: mọ́kànlélógójì.
Méjìlélógójì.
Mẹ́tà—
"Ẹ dá a dúró!"

Yàrá pa lọ́lọ́.
Ooru dúró díẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ní kó jókòó,
ó pẹ̀yìn dà.
Mọ́kànlélógójì.
Òróńro ò gbọ́, òróńro ò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́, ó lajú.
"Ṣé ó ta, àbí ó jó?"
Mo ní, níbi kan ó jó, níbi kejì ó ta.
Ó mi orí bí ọ̀gá tó yẹ iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ wò,
ó ní, tíì òun dà?