Àpò Kajú Mẹ́ta

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Olóko Kajú, Ìsánlú.
Ìwé ńlá mẹ́sàn-án, èèpo wọn pupa.
Ikán jẹ ìkẹrin láti ẹ̀yìn dé àárín,
mo fi orí ara mi dí ihò tó kù.

Ìbíwùmí ọmọ wẹ́dà ló kó wọn dé láti Lọ́kọ́jà,
kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí ọ́fíìsì kan ti dà sẹ́yìn ọgbà.
Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn, láàárín àpò sìmẹ́ǹtì.
Eruku orí wọn tó gbin ẹ̀gẹ́ sí.
"Èló ni?"
"Owó ọkọ̀ nìkan, Bàbá. Àti gúgúrú tí mo jẹ lọ́nà."

Ó tú wọn palẹ̀ lórí ẹní bí ẹni ń kun ìgalà,
ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu ikùn wọn,
ó yọ ẹ̀yà ara ọ̀kan fi wo òmíràn sàn.
Mẹ́fà di mẹ́rin.
Mẹ́rin náà mí.

Mo ní, "Ta ló ni ohun tó wà nínú wọn?
Ta la ó máa sanwó fún lọ́dọọdún?"
Torí mo mọ ayé: ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ọdún kan
ló sọ wá di onígbèsè ọdún méje.
Ó ní, "Bí èbù iṣu ni, Bàbá.
Ẹnìkan gbìn ín, ó bu fún aládùúgbò,
aládùúgbò gbìn ín, òun náà bu fún ẹlòmíràn.
Ẹ lè tú u wò. Ẹ lè tún un ṣe.
Bó bá wù yín, ẹ bù ú fún ará Ẹ̀gbẹ̀."
Mi ò fèsì.
Èbù tí mo mọ̀, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Yàrá tí à ń kó àpò sí la tò wọ́n sí,
sólà kan lórí páànù, bátìrì ọkọ̀ méjì lábẹ́ tábìlì.
Ìyá Ìbídùn fún eku rẹ̀ mọ́wọ́ bí ẹni mú àparò láàyè,
ó ní, "Má fò o, má fò."
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Kó tó tẹ orúkọ kankan, Ìbíwùmí kọ́ wọn ní àmì,
ti òkè, ti ìsàlẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ tí kò lè pe orúkọ èèyàn
kò gbọdọ̀ ka owó rẹ̀.
Mo wá ń pè é láti inú ìwé, ó ń tẹ̀ ẹ́:
orúkọ, àpò, owó. Orúkọ, àpò, owó.

Ìwé kejì, ojú ewé kọkànlélógójì, ìṣirò kọ̀, kò bára mu.
Mo ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe.
Ó tún un tẹ̀. Kò bára mu.
Mo wọ awò, mo fi ìka tọ ìlà náà:
Abímbádé, opó. Àpò mẹ́jọ ló rù wá lọ́dún náà.
Owó àpò márùn-ún ni mo san.

Mi ò jalè. Ẹ gbọ́ ọ.
Ibà ń ṣe mí lọ́sẹ̀ náà. Mo rántí ibà;
mi ò rántí àpò.
Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń kí mi, "Akọ̀wé, okun o,"
títí a fi sin ín.
Kò bèèrè rí.
Àbí ó bèèrè, tí mo ní ìwé kì í parọ́?

Ìbíwùmí gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Kò wò mí.
Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Lọ́la, mo ń lọ sí Kàbà. Ọmọ rẹ̀ ń lẹ táyà níbẹ̀.
Iye tí à ń ta kajú lónìí ni mo fi ṣírò rẹ̀.
A ò tíì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
bírò ni mo fi da orúkọ ìyá rẹ̀ kọ láti ojú gíláàsì,
pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Mo ti ta ewúrẹ́ kan.
Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.