Sẹ́líkà Pupa ní Pàntẹ́kà

Mo dé Pàntẹ́kà kí oòrùn tó yọ,
ọyẹ́ ń la ètè mi.
Sunusi ti fọ ọkọ̀ náà, ó ń dán gbinrin bí ọkọ ìyàwó.
Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì:
ó ti gbóná.
Ta ló jí ọ kí n tó dé, ìwọ arúgbó?

Mo yọ òòfà kékeré lápò.
Lára ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.
Lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, ó já bọ́ sínú eruku.
Pọ́tì ni, kì í ṣe irin.
"Wallahi, kò kọlu nǹkan kan rí."
Mi ò fèsì.

Wọ́n ti fi tọ́bò sí i láyà,
àyà ọmọ ogún ọdún lára ẹni ọgọ́rin;
wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀ títí ikùn fi ń họ ilẹ̀.
Sunusi ṣíná. Ó bú ramúramù,
èéfín aró sì tẹ̀ lé ohùn náà jáde.

Mo mọ ohun tí èéfín yẹn ń wí.
Bàbá mi náà mọ̀ ọ́n
lọ́jọ́ tó ta ilẹ̀ Ọ̀fà ra irú rẹ̀,
tí màmá mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé.

"Èló ni jálẹ̀?"
Sunusi rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ọwọ́ mi
tí kò tíì kúrò lára sítíárì.