Eyín Tí Ajá Yóò Jẹ

Omi orí iná ti lọ́wọ́ọ́rọ́.
Mo bù ú sínú ife mẹ́tàlá,
ife mẹ́tàlá, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́tàlá,
orúkọ wà lára ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan
bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀wé kà nínú wọn.
Nítorí náà mo ya ẹran ọ̀sìn sí i:
ẹṣin fún Nandin,
ràkúnmí fún Yalguun ọlọ́rùn gígùn,
ọ̀dọ́ àgùntàn fún Enerel.
Tuguldur ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, àfi ajá.
Mo ya ajá. Ó ní kò jọ ajá.
Mo fi ìrù kún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ilé-ìwé wa ń ní lọ́dún,
àgọ́ funfun kan láàárín pápá,
kí àwọn darandaran tó tún dẹrù sẹ́yìn ràkúnmí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní àwọ̀, ní òǹkà,
ní bí a ṣe ń tò sẹ́yìn ara ẹni,
àti ohun tí à ń fi ẹnu ṣe yàtọ̀ sí igbe.

"Ẹ la ẹnu." Ẹnu là.
Súìtì tí awakọ̀ epo ń pín fún wọn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀:
àmì dúdú bíńtín lẹ́yín iwájú,
ihò kan lẹ́yín ẹ̀rẹ̀kẹ́ Enerel tó lè gba hóró ọkà.
Mo ní, "Ẹ má gbo ó bí ẹni ń fá awọ.
Ẹ rọra yí i po,
bí ìgbà tí ẹ ń fọwọ́ pa ọmọ ẹṣin lórí."
Nandin gbé ọṣẹ mì. Ó ní, "Ó dùn. Ṣé ó kù?"
Yalguun ń fọ imú.
Kò burú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n Tuguldur pa ẹnu dé pinpin,
ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ké bíi ràkúnmí.
Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ìka:
"Eyín ẹ̀gbọ́n mi yọ lánàá.
Bàbá fi ọ̀rá àgùntàn wé e, ó jù ú fún Basar,
Basar gbé e mì.
Gbogbo tèmi náà ni Basar yóò jẹ.
Kí ni mo wá ń fọ̀ ọ́ fún?"

Mo dákẹ́.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ulaanbaatar,
tí wọ́n kọ́ mi ní kòkòrò eyín àti ṣúgà,
ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní èsì ọ̀rọ̀ yìí.
Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí,
kí eyín tuntun lè le bíi ti ajá.
Tèmi náà wọ ikùn ajá olójú kan
tí bàbá mi àgbà ní, tó ti kú tipẹ́.

Basar fúnra rẹ̀ nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà.
"Ta ló ń ṣọ́ àgùntàn yín lóru?"
"Basar."
"Ta ló lé ìkookò nígbà yìnyín?"
"Basar."
"Ẹran tó ti rà, ṣé o máa gbé e fún un?"
Ó ronú. Ó pẹ́. Omi ife rẹ̀ tutù.
"Basar kì í jẹ ohun tó bá ti rà."
Irọ́ ni. Basar ti jẹ bàtà mi ẹsẹ̀ kan.
Ṣùgbọ́n ẹnu là.

Ogún eyín, kò sí àbàwọ́n lára ọ̀kan.
Funfun niyì eyín.
Ó ń fọ̀ wọ́n bí ẹni ń tọ́jú oúnjẹ àlejò,
"Èyí fún Basar. Èyí fún Basar. Èyí..."
Ó dúró lórí ọ̀kan níwájú.
"Èyí tèmi ni. Mi ò tíì fún un."

Wọ́n tò, wọ́n tutọ́ sórí koríko.
Basar dìde, ó gbóòórùn ìfófó náà,
ó sín.
Enerel wò mí:
"Olùkọ́, òun náà ò ní búrọ́ọ̀ṣì."