Ọ̀la Ni Kó O Wá Gbà Á

Ọjọ́ méjì ni mo ní lọ́kàn fún Àgbádárìgì:
kí n sùn, kí n fọ aṣọ, kí n ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà,
kí n kọjá sí Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó le.
Àmọ́ okùn àpò ẹ̀yìn mi já ní Ajárá,
ó já bí ẹni pé ó ti ń rò ó bọ̀ láti Ṣakí.
Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Húnsù aránbàtà nìyẹn,
lábẹ́ igi àgbọn tó tẹ̀ síwájú
bí ẹni tó ń yọjú wo omi.

Ó gbọn àpò náà.
Iyanrìn ìlú mẹ́ta dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
"Ọ̀la ni kó o wá gbà á."

Ọ̀la àkọ́kọ́, òjò rọ̀.
Ọ̀la kejì, abẹ́rẹ́ ńlá kán, òwú gidi sì dìgbà Kútọnu.
Ọ̀la kẹta, kò wí nǹkan kan;
ó ti àpótí sí mi, ó bu gaàrí fún mi,
mo ní n kì í fi ṣúgà mu ún,
a jọ ń wo ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ sí Gbẹ́rẹ̀fù.

Èmi, ọmọ orí òkúta.
Nílé wa, orí ni a fi ń ru omi,
a kì í gun orí rẹ̀.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, mo di etí rẹ̀ mú
bí ẹni di etí ewúrẹ́ mú.
Sẹ̀námi tó ń tukọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi kan wá lẹ́sẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀.
Omi kì í gbé ẹni tí kò bá a jà."
Irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé irọ́ ni:
ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò tíì délé
láti ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Agẹmọ.
Síbẹ̀, mo tú ọwọ́ sílẹ̀.

Onílé ò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni mò ń lọ.
Ó gbé garawa aláwọ̀ ewé kan fún mi, ó ní tèmi ni.
Ajá àdúgbò ò gbó mi mọ́.
Mo ń kí wọn láàárọ̀, "A fọ́n gànjí à?",
ohùn mi ń ṣì í,
wọn a sì fi Yorùbá dá mi lóhùn
bí ẹni ń fún ọmọdé ní ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá Húnsù lọ sí ìsìnkú,
ọmọ ọmọ rẹ̀ ló jókòó sí ìsọ̀.
Mo béèrè àpò.
Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn:
"Ṣé èyí tí Bàbá rán tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá?"

Awọ màlúù. Ojú òwú ìlọ́po mẹ́ta.
Eruku ti bà lé e.

Mo gbìyànjú láti bínú, ìbínú ò wá.
Mo dá àpò padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo bẹ ọmọ náà kó má sọ pé mo dé ibẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ jókòó. Mo béèrè.
Ó wo omi. "Ọ̀la."
Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Ọ̀la."

Lóru ọjọ́ kọkànlá,
akẹ́rù kan ń kùn lọ sí Sẹ̀mẹ̀,
àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.
Ilẹ̀ mọ́, mo sanwó ilé, mo da garawa dé sẹ́nu ọ̀nà.
Mo juwọ́ sí ọkọ̀ mẹ́ta lójú omi,
bóyá Sẹ̀námi wà nínú ọ̀kan.

Àpò ti wà lórí àpótí kí n tó dé.
Bàbá ò béèrè ẹni tó sọ fún mi.
Iye tó dá lé mi ò tó owó òwú.
Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ mi lẹ́yìn,
ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kò ní í já mọ́,"
bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ní bodè, wọ́n ní kí n tú ẹrù.
Nísàlẹ̀ pátápátá, gaàrí nínú ọ̀rá dúdú,
mi ò fi í síbẹ̀.
Aṣọ́bodè tú u, ó fọwọ́ rò ó, ó wò mí:
"Gaàrí nìkan? Kò sí ṣúgà?"