Lẹ́tà Kọkànlélọ́gbọ̀n

Bámitálẹ́, lẹ́tà rẹ kọkànlélọ́gbọ̀n dé lọ́jọ́ ọjà.
Òjò ti mu etí rẹ̀, ohun tó wà nínú kò parẹ́:
ẹṣin rẹ fò, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba mi.
O ò kí mi. O ò béèrè ìyá.
Ìlà kan péré, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ.

Ẹṣin tèmi, kẹ̀kẹ́ òwú ni títí dòní.
O rántí pé ewúrẹ́ ló gbé ojúlówó rẹ̀ mì
lọ́dún tí agùnbánirọ̀ ará Kàlàbá yẹn,
Tíṣà Éfíọ̀m, gbé pátákó náà wọ Ẹ̀fọ̀n.
Ìṣirò ni wọ́n ní kó wá kọ́ wa,
ogun ló kọ́ wa, lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì,
tí òkè yí wa ká bí òǹwòran.

Ó pe àwọn kékeré iwájú ní ọmọ-ogun.
Bàbá ń kọjá, ó dúró, ó wo bí wọ́n ṣe ń kú ṣáájú,
ó ní, "Ìwọ̀fà nìwọ̀nyí."
Ìwọ̀fà ni wọ́n ń jẹ́ nílé wa láti ọjọ́ náà.
Ìwọ̀fà kì í padà sẹ́yìn, Tíṣà ló wí bẹ́ẹ̀,
bó bá rìn dópin pátákó, ó di ayaba.
Mo wo ojú rẹ.
O ti ń ka ìṣísẹ̀.

Adó lo ti kọ́kọ́ gba ife,
ife páànù tí wúrà rẹ̀ bó lọ́sẹ̀ kejì.
Oko kòkó ọ̀nà Òkèmẹ̀sí di ìwé ìrìnnà,
o kọjá sí Hángárì, níbi tí omi ti ń dì
tí ahọ́n àlejò sì ń bá a dì.
O fọ abọ́ lálẹ́, o ta ṣẹ́ẹ̀sì lọ́sàn-án,
ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fi ọ́ joyè ọ̀gá.
Ìwé ìròyìn wọn kọ orúkọ rẹ láìfi àmì sí i:
orúkọ tí ìyá fi bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró
kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.
Mo ṣáà gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù
láàárín àwòrán agbádá àti kàlẹ́ńdà ìjọ.

Àwọn oníbàárà ń bi mí: ṣé bọ́ọ̀lù ni?
Èló ló wà nínú rẹ̀? Ṣé ó ti kọ́lé?
Mo ní, ọmọ òyìnbó ló ń kọ́.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àmọ́ fídíò tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún ìjẹta,
ọmọdébìnrin kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí òwú,
ó di ilé tó wà ní igun pátákó mú,
ó sì pè é ní "ulé".
Kì í ṣe ilé. Ulé,
bí ìyá ṣe ń pè é tí èéfín bá wà lọ́fun rẹ̀.
Àwọn yòókù gbè é: ulé, ulé.
Ìyá ní kí n tún un fi han òun.
Ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn?"
Mo ní, ọmọ ulé wa ni.

Àbúrò mi, mo rí ọ̀nà.
Ẹṣin rẹ tó fò yẹn, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀.
Kẹ̀kẹ́ òwú mi á bọ́ síbẹ̀, ulé á tẹ̀ lé e,
ọba rẹ á kú. Ìṣísẹ̀ méjì péré.
Ọ̀gá kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.
Bóyá o rí i. Bóyá ó ti rẹ̀ ọ́,
o kàn fẹ́ kó parí.

Sítáǹbù ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, láàárín bọ́tìnì.
Òjò ń bọ̀ lórí òkè, iná ti lọ.
Mo ti ìwọ̀fà kan síwájú, ojú kan ṣoṣo,
èyí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.
Mo kọ ọ́ síwèé, mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́.

Ìyá ní kí n kí ọ.